Ṣé Wọ́n Tilẹ̀ Ń Ka Ìtàn Tí A Fi Ránṣẹ́ sí Wọn?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí mo ti ń fi ìtàn kékeré kan àti àròkọ méjì ránṣẹ́ sí àwọn ìwé àtìgbàdégbà lítíréṣọ̀. Ibi mẹ́sàn-án ni ìtàn náà ti dé. Lẹ́tà tí mo ń rí gbà kì í ju ìlà mẹ́ta lọ, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ: wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ní iṣẹ́ náà kò bá ohun tí àwọn ń wá mu. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fèsì. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n kà á ní ó dùn gan-an. Ṣé àwọn olóòtú wọ̀nyí tilẹ̀ ń ka iṣẹ́ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, àbí ó di dandan kí n ní ènìyàn níbẹ̀? Mo ti ń rò ó pé kí n kúkú gbé e sórí Facebook kí aráyé rí i kà."

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè yín kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé mo ti wà ní ìhà méjèèjì: ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ tí mo sì ń retí èsì, kí n tó wá di ọ̀kan lára àwọn tí ń ka iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi ránṣẹ́. Bí mo ti rí ọ̀rọ̀ yín sí, ìbéèrè méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkínní ni bóyá wọ́n ń kà á. Èkejì, tí ẹ kò sọ jáde ṣùgbọ́n tí mo gbọ́ nínú ohùn yín, ni bóyá lẹ́tà wọ̀nyí túmọ̀ sí pé ẹ kò mọ ìtàn kọ. Mo lè dáhùn èkínní kíákíá: wọ́n ń kà á. Àmọ́ kì í ṣe bí àwọn ọ̀rẹ́ yín ṣe kà á ni wọ́n ṣe ń kà á, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ń dà yín láàmú ti ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ìwé àtìgbàdégbà kan bá ń jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, tí àyè ìtàn 5 sì wà nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ìtàn 20 péré ni ó lè gbé jáde láàárín ọdún kan. Bí ìtàn tí wọ́n rí gbà lọ́dún náà bá jẹ́ 1,000, èyí tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà fún ìwé tí orúkọ rẹ̀ ti múlẹ̀, 980 ni wọn yóò dá padà, àwọn tí wọ́n dára gan-an yóò sì wà nínú wọn. Àwọn tí ń kọ́kọ́ ka àwọn ìtàn wọ̀nyí kì í sábà jẹ́ olóòtú àgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ yín ni wọ́n, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba owó kankan, tí wọ́n ń kàwé lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ wọn dé. Iṣẹ́ wọn ni láti yọ ìwọ̀nba tí olóòtú yóò kà fínnífínní sọ́tọ̀. Ẹni tí ó ní ìtàn 30 níwájú kò lè fi sùúrù ọ̀rẹ́ kà wọ́n. Ojú ìwé kìíní àti èkejì ni ó fi ń mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé yìí mọ ibi tí ó ń mú òun lọ. Bí ọkàn rẹ̀ bá kúrò nínú ìtàn ní ojú ìwé kẹta, ó lè máà dé ìparí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo ṣe ìpinnu pé gbogbo ìtàn ni n óò máa kà tán, nítorí pé mo mọ bí ó ti máa ń rí lára ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Mo pa ìpinnu náà mọ́ fún oṣù mélòó kan, mo sì rí i pé ìtàn tí mo bá ti fẹ́ gbé jù sílẹ̀ ní ojú ìwé kejì kì í sábà yí padà nígbà tí mo bá dé ojú ìwé kẹwàá. Mo ní kì í sábà. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí ìtàn kan fà títí dé ìdajì tí ó sì wá mú iná lójijì, ó sì dá mi lójú pé irú rẹ̀ ti bọ́ mọ́ àwa òǹkàwé lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àdánù gidi ni, n kò sì fẹ́ fi í pamọ́ fún yín.

Ní ti pé kí a ní ènìyàn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò rí gbọnrangandan bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Àwọn ìwé ńláńlá kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń lọ bá òǹkọ̀wé tí wọ́n fẹ́, pàápàá fún àròkọ. Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í gba iṣẹ́ àyàfi láti ọwọ́ aṣojú òǹkọ̀wé. Iṣẹ́ ẹni tí olóòtú mọ̀ sì lè tètè dé ibi tí wọn yóò ti kà á. N kò ní purọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé lítíréṣọ̀ ni ó ń tò gbogbo iṣẹ́ sórí ìlà kan náà, àwọn kan tilẹ̀ ń ní kí òǹkọ̀wé yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ pátápátá kí òǹkàwé má baà mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Kò sí ohun tí ń mú inú olóòtú dùn tó kí ó ṣàdédé bá ìtàn tó mọ́yán lórí pàdé láti ọwọ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Gbogbo olóòtú tí mo ti bá ṣiṣẹ́ ni ó ń retí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àkókò yín wá ojúlùmọ̀ kiri. Ìwé tí ó bá iṣẹ́ yín mu ni kí ẹ máa wá.

Lẹ́tà onílà mẹ́ta tí ẹ ń rí gbà, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, òun náà ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ kù díẹ̀ kí ó wọlé àti ẹni tí wọ́n gbé ìtàn rẹ̀ jù sílẹ̀ ní ìpínrọ̀ kejì lè gba lẹ́tà kan náà. Kò sí ohun tí ẹ lè rí fà yọ nínú "kò bá ohun tí a ń wá mu" ju pé wọn kò gbà á lọ. Wọn kì í ṣàlàyé nítorí pé àlàyé ń gba àkókò, àti nítorí pé ẹni tí wọ́n bá ṣàlàyé fún sábà máa ń kọ̀wé padà láti bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n irú lẹ́tà kejì wà, èyí tí ẹnìkan jókòó kọ gbólóhùn kan tàbí méjì sí fúnra rẹ̀, tí ó dárúkọ ẹ̀dá ìtàn yín, tàbí tí ó ní kí ẹ tún fi òmíràn ránṣẹ́. Bí irú rẹ̀ bá dé, ẹ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Olóòtú tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn kì í tún pe iṣẹ́ sí ara rẹ̀ nítorí ọ̀yàyà lásán. Èmi náà gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nígbà èwe mi. Mo rò pé wọn kò kàn fẹ́ kí n banú jẹ́ ni, mo sì fi ọdún mẹ́ta dúró kí n tó tún fi nǹkan ránṣẹ́ síbẹ̀. Olóòtú náà ti kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Kí ni ó wá ń mú kí wọ́n dá ìtàn padà gan-an? Nínú ohun tí mo ti rí, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ìwé ti bẹ̀rẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé á jí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ láàárọ̀, á wẹ̀ fún un, á wọṣọ fún un, á ròyìn bí ojú ọjọ́ ti rí, á sọ bí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣe pàdé, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo rántí ìtàn kan nípa obìnrin tí ó rí lẹ́tà kan ní ìsàlẹ̀ àpótí ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú. Lẹ́tà náà kò yọjú títí di ojú ìwé karùn-ún. Ìgbéyàwó wọn àti iṣẹ́ tí ọkọ náà ṣe láyé ni ó gba ojú ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́. Òǹkàwé méjì ti ní kí a dá a padà kí ẹ̀kẹta tó ní kí a ní sùúrù. A béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé náà bóyá ó lè jẹ́ kí obìnrin yìí ṣí àpótí ní ìpínrọ̀ kìíní. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó fọ́n ìwọ̀nba ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ìgbéyàwó náà sí àárín ìtàn, a sì gbà á. Díẹ̀ ni ohun tí ó yí padà nínú ìyókù ìtàn náà. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ìtàn tí wọ́n ti kọ̀ níbi mẹ́sàn-án lè jẹ́ ìtàn tí ó dára láti ojú ìwé karùn-ún lọ, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ yín, tí ìfẹ́ yín gbé dé ibẹ̀, nìkan ni ó mọ̀. Ìparí pẹ̀lú máa ń ba ìtàn jẹ́. Òǹkọ̀wé tí ó ti fi ọgbọ́n mú wa dé ibi tí a kò ti lè mí á wá fi ìpínrọ̀ tí ó kù kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni pé kò dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ti yé wa. Bí ẹ bá rí irú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú tiyín, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì wò ó bóyá ìtàn náà ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ti àròkọ yàtọ̀, ẹ sì ní méjì lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ nílé ẹ̀kọ́ pé ó ń jẹ́ àròkọ ni kí a kéde èrò wa, kí a to ẹ̀rí sẹ́yìn rẹ̀, kí a sì tún èrò náà sọ ní ìparí. Àròkọ tí ìwé lítíréṣọ̀ ń wá kì í rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí ènìyàn kan tí ń ronú lójú wọn: ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí, ohun tí ń yọ ọ́ lẹ́nu tí kò tíì rí ojútùú rẹ̀, ibi tí èrò rẹ̀ ti yí padà. Bí ẹnìkan bá fi àròkọ ránṣẹ́ nípa ohun tí ọ̀fọ̀ ń ṣe fún ọmọ aráyé, yóò ṣòro kí ó wọlé. Bí ó bá kọ nípa oṣù mẹ́ta tí òun kò fi lè gbé bàtà ìyá òun kúrò lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ohun tí ó fẹ́ sọ nípa ọ̀fọ̀ ti wà nínú bàtà náà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹni tí ń ka àròkọ gbà pé ohun tí ẹ ní ó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Olóòtú lè ní kí ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, nítorí náà ẹ má ṣe hùmọ̀ ohun kankan kún un nítorí kí ó lè dùn.

Àwọn ìdí kan wà tí kò kan bí iṣẹ́ ti dára tó rárá. Ìwé tí ó ní òun kì í gbà ju ọ̀rọ̀ 3,000 lọ kò ní ka ọ̀rọ̀ 6,000, bí ó ti wù kí ó dùn tó. Ó sì lè jẹ́ pé ìtàn kan tí ó jọ tiyín ni wọ́n gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wá ẹ̀dà kan tàbí méjì tí ó jáde láìpẹ́, kí ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. N kò mọ ìmọ̀ràn tí àwọn òǹkọ̀wé ń kọ etí ikún sí tó èyí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ àtọwọ́dá (AI) tí ń kọ̀wé náà sì ti dá kún wàhálà àwọn òǹkàwé. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Clarkesworld, ìwé àtìgbàdégbà tí ń gbé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì jáde ní Amẹ́ríkà, ní láti dáwọ́ gbígba ìtàn dúró fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ìtàn tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ ya bò ó. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti fi í sínú ìlànà wọn báyìí pé àwọn kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín kò purọ́ fún yín. Wọ́n mọ̀ yín, wọ́n ń gbọ́ ohùn yín bí wọ́n ti ń kà á, ohùn náà sì ń dí àwọn ihò tí àlejò yóò já sí. Bí ẹ bá tún fẹ́ fún ẹnìkan kà, ẹ má ṣe béèrè bóyá ó dùn. Ẹ ní kí ó fi bírò fa ìlà síbi tí ọkàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ kúrò nínú ìtàn, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ta. Bí ìlà méjì bá bọ́ sí ibì kan náà, ẹ ti rí ibi tí iṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ ṣe yẹ kó rí lójú ìwé kò le. Bí ìlànà wọn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹ lo lẹ́tà Times New Roman tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 12, ẹ fi àlàfo onílọ̀ọ́po méjì (double spacing) sáàárín ìlà, ẹ fi nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì má ṣe fi àwọ̀ tàbí àwòrán ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú lẹ́tà tí yóò bá iṣẹ́ náà lọ, gbólóhùn mẹ́ta tó: àkọlé iṣẹ́ náà àti iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ohun tí ẹ ti gbé jáde rí bí ó bá wà, àti ọpẹ́. Bí ẹ kò bá tíì gbé nǹkan kan jáde rí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ má ṣe mẹ́nu kàn án. Kò sí ẹni tí yóò fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ má ṣe ṣàlàyé ìtàn náà nínú lẹ́tà.

Ibi mẹ́sàn-án láàárín ọdún méjì jẹ́ kí n rò pé ẹ ń fi í ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ń dúró de èsì kí ẹ tó lọ síbòmíràn. Ẹ wo ìlànà wọn dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé lónìí ni ó gbà kí iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ àwọn mìíràn ní àkókò kan náà, bí òǹkọ̀wé bá lè tètè sọ fún wọn pé àwọn kan ti gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ìlérí yìí ṣeré. Kò sí ohun tí ó burú lójú olóòtú tó kí ó jà fún ìtàn kan níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì wá gbọ́ pé ó ti jáde níbòmíràn láti oṣù tó kọjá. Èsì lè dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gba ọdún kan. Bí àkókò tí wọ́n dá bá ti kọjá, ẹ lè fi pẹ̀lẹ́tù béèrè. Bí ẹ bá gba orí Submittable, ojúlé tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń gba iṣẹ́, fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí "Received" (a ti rí i gbà) tí ó yí padà di "In-Progress" (iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀) gba oorun lójú yín, nítorí pé ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn pín iṣẹ́ náà fún òǹkàwé kan ni. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọjọ́, orúkọ ìwé àti èsì kọ̀ọ̀kan sí. Ojúlé Submission Grinder wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú àkọsílẹ̀ yìí, ẹ sì lè fi í wá ibi tí wọ́n ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Nísinsìnyí, Facebook. Ẹ kò ní pàdánù ẹ̀tọ́ yín lórí ìtàn náà bí ẹ bá gbé e síbẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn Berne ti ọdún 1886, tí ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí, òǹkọ̀wé ti ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kọ ọ́, láìjẹ́ pé ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ níbikíbi. Ohun tí ẹ óò pàdánù ni jíjẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ jáde ni ọ̀pọ̀ ìwé lítíréṣọ̀ ń bá yín dúnàádúrà lé lórí, wọ́n sì ka ohun tí gbogbo ènìyàn lè rí lórí ayélujára sí èyí tí ó ti jáde. Pípa á rẹ́ lẹ́yìn náà kì í sábà yí èrò wọn padà. Síbẹ̀, n kò ní sọ pé kí ẹ má ṣe é láéláé. Bí ohun tí ẹ fẹ́ jù bá jẹ́ kí àwọn tí ìtàn náà kàn rí i kà ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìwé tí yóò jáde lọ́dún tó ń bọ̀ kò lè fún yín ní ìyẹn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà ìkẹwàá bá dé.

Ẹ kò béèrè nípa owó, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀. Àwọn ìwé kan ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, àwọn ìdíje náà sábà máa ń gbà á. Èyí nìkan kò túmọ̀ sí pé oníjìbìtì ni wọ́n, àmọ́ ẹ wá ibi tí kò gba owó ná. Ẹni tí ó bá ti gba iṣẹ́ yín tán tí ó wá ní kí ẹ san owó kí ó tó lè jáde, ẹ sá fún un. Bí ìwé àdéhùn bá dé, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kí ẹ rí i níbẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ìtàn náà yóò padà sọ́wọ́ yín lẹ́yìn àkókò kan, kí ẹ baà lè fi í sínú ìwé tiyín lọ́jọ́ iwájú.

N kò tíì ka ìtàn yín, nítorí náà n kò lè sọ bóyá àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ̀ ọ́ jàre. Kódà bí mo bá kà á, ojú mi lásán ni. Mo ti ní kí a dá ìtàn tí àwọn ẹlòmíràn gbà tayọ̀tayọ̀ padà rí, mo sì ti jà fún èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tí èmi ìbá ṣe ní ipò yín ni pé n óò gbé ìtàn náà tì fún oṣù kan, n óò kà á sókè fún ara mi, n óò bo ojú ìwé kìíní mọ́lẹ̀, n óò sì wò ó bóyá ìtàn náà lè bẹ̀rẹ̀ láti èkejì. Lẹ́yìn náà n óò yan ìwé márùn-ún tí mo ti kà, tí mo sì rí iṣẹ́ tó jọ tèmi nínú wọn, n óò fi í ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà bí ìlànà wọn bá gbà bẹ́ẹ̀, n óò sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn lọ́jọ́ kejì, nítorí pé ìtàn kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́sàn-án náà kọ̀, wọn kò tíì rí èkejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà bá kọ gbólóhùn kan sí yín tí kò sí nínú lẹ́tà àwọn ìyókù, ẹ kọ orúkọ olóòtú náà sílẹ̀, ìtàn tuntun yẹn sì ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kì í ṣe ògbólógbòó tí ẹ tún ṣe, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́ tún un rí.